"Break" Kì Í Ṣe Fọ́ Nìkan

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo kí ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ tò sẹ́yìn yẹn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀, torí ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe ń gbé Gẹ̀ẹ́sì wá sí Yorùbá, mo wá rò ó pé tí mo bá ní kí n sọ gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa síbí, ni mo bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọ jẹ́léósinmi pàápàá mọ̀. Break.

Kí ni break ní Yorùbá? Ẹ dáhùn, ẹ má tijú.

Mo gbọ́ yín. Fọ́ lẹ pariwo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, tó bá break, ṣé ó fọ́ ni? Ẹ ò rí i, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Okùn ń já ni. Igi ńkọ́? Igi ń ṣẹ́. Eyín? Eyín ń kán. Táyà ọkọ̀? Ó ń bẹ́. Ẹ̀rọ amúnáwá? Ó ń bàjẹ́. Òfin? Wọ́n ń rú u ni. Ẹni tó gbààwẹ̀, tí oòrùn bá wọ̀, ó ń ṣínu, àmọ́ tó bá lọ jẹ iyán ní ọ̀sán gangan, ààwẹ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì á sì sọ fún yín pé méjèèjì ló break ààwẹ̀! Ojúmọ́ náà ń break lọ́dọ̀ wọn, lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ń mọ́ ni.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju ìyẹn náà lọ. Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kó o sọ pé nǹkan break kó o tó wo nǹkan ọ̀hún dáadáa. Yorùbá ò ní gbà fún ẹ. Yorùbá á kọ́kọ́ bi ẹ́: kí ló ṣe bẹ́ẹ̀? Báwo ló ṣe ṣe é? Ta ló ṣe é? Ìgbà tó o bá dáhùn tán lẹnu ẹ tó lè là.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi fọ́ fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fọ́ lohun tó le lára, tó bá sì ti bọ́, ó di wẹ́wẹ́: ìkòkò, àwo, ife, igbá, ẹyin. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ sì mọ ohun tá a máa ń sọ fún ìyá tí ọmọ tuntun bọ́ mọ́ lọ́wọ́, àmọ́ tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí òun fúnra ẹ̀ sí. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ fojú inú wo agbè yẹn, inú ẹ̀ ṣófo, eèpo ẹ̀ le, wọ́n gbé e lọ sódò wọ́n ń gbé e bọ̀, tí omi bá dànù a ṣì lè padà lọ pọn òmíì, ṣùgbọ́n tí agbè bá fọ́, kí lo fẹ́ fi pọn ọ́n? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn wo agbè dáadáa kó tó sọ ọ́. Gbogbo ìtùnú tó wà níbẹ̀, inú fọ́ yẹn ló wà.

Fọ́ yìí náà, tẹ́ ẹ bá yọ àmì orí ẹ̀, ó di nǹkan míì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, ó fi ọmọ ẹ̀ sílé, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ku díẹ̀ kó kúrò níwájú alápatà ni ọ̀rọ̀ wọlé sórí WhatsApp ẹ̀: "Mummy mo ti fo gbogbo awo kishin." Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, bá a ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àyà òun já, òun ò mọ ìgbà tóun fi owó lé alápatà lọ́wọ́ tóun ò gba ẹran, torí àwo tanganran tí wọ́n fún un níjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ wà nínú kíṣìnì yẹn, àwọn tó ní òdòdó búlúù létí. Ó sáré délé, ó bá ọmọ tó dúró ti àwo tó ń dán yanran, omi ń kán lára wọn, ọmọ ń retí kí wọ́n kí òun pé ó kú iṣẹ́. Ó fọ àwo ni o, kò fọ́ àwo. Àmì kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín kíṣìnì tó mọ́ àti kíṣìnì tó kún fún àfọ́kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àmì ohùn ò ṣe pàtàkì, ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn ọ̀rọ̀ tó bá break tan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, torí mi ò wá bú Gẹ̀ẹ́sì o. Èdè tó lọ́rọ̀ ni. Wọ́n ní snap, ìyẹn súnmọ́ já àti kán. Wọ́n ní shatter, ìyẹn ni kí nǹkan fọ́ yángá yángá. Wọ́n ní crack, ìyẹn ni kí àwo sán tàbí kí ògiri lanu, tí aláǹgbá á sì ráyè wọbẹ̀. Burst nígbà tí nǹkan bá bẹ́ tàbí tó bú gbàmù. Crush, nígbà tó bá rún wómúwómú. Wọ́n tún wá ní fracture.

Fracture yìí ló máa ń dùn mọ́ mi jù nínú wọn, torí àlejò ni. Break lọmọ onílé, ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní brecan, ó sì bá brechen àwọn ará Jámánì tan. Fracture ní tiẹ̀, inú èdè Látìn ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé. Ṣé ẹ rántí pé lọ́dún 1066 làwọn Norman ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Látìgbà yẹn, èdè Faransé ló wà láàfin àti ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún, Látìn wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà àtàwọn ọ̀mọ̀wé, ọmọ onílé wá kù sí kíṣìnì àti oko. Abájọ tó fi jẹ́ pé tí ọmọ bá já bọ́ látorí igi lónìí, ìyá ẹ̀ á ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ti break, dókítà á kọ fracture sínú ìwé, ẹsẹ̀ kan náà sì ni o! Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa nìyẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló máa pinnu ọ̀rọ̀ tó máa mú. Nínú Yorùbá, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló máa pinnu ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni o, agbẹ̀ ni o, kò sẹ́ni tó máa sọ pé okùn ṣẹ́.

Ẹnì kan wà tó kó àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ara wọn jọ sójú kan, dókítà oníṣègùn ni, Peter Mark Roget lorúkọ ẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí ìwé ẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1852. Kò tò ó ní A B D o, ìtumọ̀ ló fi tò ó, bí ẹni kó mọ̀lẹ́bí sínú agboolé, agboolé yìí fún ọ̀rọ̀ ìbínú, agboolé yẹn fún ọ̀rọ̀ ìrìn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń ṣe mí ní kàyéfì. Nínú London yẹn kan náà, lọ́dún 1852 yẹn kan náà, ni ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ jáde, èyí tó fẹ̀ ju ti 1843 lọ. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821! Lọ́dún 1851 ló dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria tó sì ka Àdúrà Olúwa fún un ní èdè Yorùbá. Mi ò sọ pé òun àti Roget pàdé o. Mo kàn ń rò ó pé ọkùnrin kan ń kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú agboolé lápá ibì kan, ọkùnrin wa kan sì ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀ lápá ibòmíì, kí ayé má bàa sọ pé a ò ní.

Crowther ti ṣe tiẹ̀. Èyí tó kù ni agboolé. Ẹ ṣí dikíṣọ́nárì lónìí, ẹ wá break níbẹ̀, ẹ máa bá fọ́, dá, ṣẹ́, já, tí wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ẹni to tòmátì sórí àtẹ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọmọ tó ń wò ó pé èyí ni ti okùn, èyí ni ti igi. Ọmọ á mú èyí tó wà níwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń kọ pé "ẹsẹ̀ mi fọ́". Ọmọ ò lẹ́bi. Àwa la ò fi ilé hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ṣẹ́, torí ó lọ́mọ púpọ̀. Igi ń ṣẹ́, apá ń ṣẹ́, ìyẹn ò ṣòro. Àmọ́ ṣé ẹ ti rò ó rí pé ṣẹ́gun, ṣẹ́ ogun ni? Ẹni tó ṣẹ́gun dá ogun sí méjì bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná. Ìṣẹ́jú tá a fi ń ka àkókò, kí ni? Ṣẹ́ ojú. Ìgbà tí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀ tó sì padà lọ sókè, òun là ń pè ní ìṣẹ́jú. Èmi ò mọ ẹni tó ronú ìyẹn kàn, ṣùgbọ́n mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá wo aago.

Ṣẹ́ yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ lójú mi. Mo bá wọn ṣe ògbufọ̀ nígbà kan ní ọsibítù kan lókè òkun. Obìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa, oyún oṣù mẹ́ta wà nínú ẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, èmi ò sí níbẹ̀, ọmọdébìnrin kan tó jẹ́ ẹbí ọkọ ẹ̀ ló bá a túmọ̀, ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ni. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti lóyún rí. Obìnrin yìí ní, "Ọ̀kan ti ṣẹ́ lára mi rí." Ọmọ yẹn gbọ́ oyún, ó gbọ́ ṣẹ́, ó so méjèèjì pọ̀, ó di ṣẹ́yún. Ohun tó sọ fún nọ́ọ̀sì nìyẹn, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fọwọ́ ara ẹ̀ yọ oyún.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè mí. Dókítà ń ka ìwé ẹ̀ jáde, èmi ń túmọ̀ bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé, "Wọ́n ní ẹ ti ṣẹ́yún lẹ́ẹ̀kan rí, mà." Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ó tú gèlè ẹ̀, ó fi lé itan, ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Èmi? Oyún tí mo fi ọdún mẹ́rin wá?"

Ẹ gbọ́ o. Oyún ṣẹ́, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́yún, èèyàn ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ipò tí wọ́n gbé e sí ló yí padà, bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe lè sọ pé ife break tàbí pé ẹnì kan break ife. Tó bá jẹ́ ife, kò burú. Obìnrin tó ti sunkún oyún ẹ̀ tán nilé, tó tún wá gbọ́ pé òun ló pa á, ìyẹn ńkọ́? Mo ṣàlàyé fún dókítà, ó mú bírò, ó fa ìlà sórí ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ èyí tó tọ́ sókè ẹ̀, ó buwọ́ lù ú létí ìwé. Mo ní kó jẹ́ kí obìnrin náà fojú ara ẹ̀ rí ìlà yẹn. Kò mọ̀ọ́kà Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó fi ìka kan tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọkàn.

Gẹ̀ẹ́sì á ní heart ẹ̀ break. Mo ti wá ń rí i báyìí táwọn ọ̀dọ́ ń kọ ọ́ pé "ọkàn mi fọ́", ó ń dun mí, kì í ṣe torí pé mo fẹ́ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, torí pé èyí tá a ní dára jù ú lọ ni. Ọkàn kì í ṣe ìkòkò. Ọkàn ń bàjẹ́, ọkàn ń gbọgbẹ́, ọkàn ń rẹ̀wẹ̀sì. Ọkàn ń já náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nìyẹn o, ti ẹ̀gbọ́n mi níwájú alápatà, kì í ṣe ti ìfẹ́ tó dorí kodò. Ẹ lọ wo Bíbélì tí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ túmọ̀, èyí tó pé lódindi lọ́dún 1884. Sáàmù 51, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé heart tó broken ni Ọlọ́run ò ní gàn, ìròbìnújẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ pè é lẹ́nu yín wò, ìròbìnújẹ́, ìrònú wà níbẹ̀, inú tó bàjẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n dé ibi tí Jésù ti mú àkàrà, tí Gẹ̀ẹ́sì ní ó break ẹ̀, wọ́n ní ó bù ú. Bù! Bí a ṣe ń bu òkèlè nìyẹn, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹun, tó sì fẹ́ fún ẹlòmíì jẹ. Tí wọ́n bá kọ pé ó fọ́ ọ ni, ẹ̀ bá rò pé ó bínú.

Wọ́n tún dé orí májẹ̀mú. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Tó o bá dá májẹ̀mú, o ṣe é ni. Tó o bá da májẹ̀mú, o ti bà á jẹ́. Ohùn kan péré ló lọ sísàlẹ̀. Inú ẹ̀ la ti rí ọ̀dàlẹ̀, ẹni tó da ilẹ̀, ẹni tó ba àdéhùn tí ilẹ̀ gbọ́ jẹ́, àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Ẹ wá sọ fún mi, èwo nínú break tó wà nínú ayé ló lè gbé gbogbo ìyẹn?

Díẹ̀ ló kù. Àwọn eléré orí ìtàgé Gẹ̀ẹ́sì máa ń wúre fún ara wọn pé "break a leg", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má túmọ̀ ìyẹn ní tààràtà, èpè ló máa dà. Ẹ sọ pé ẹ ó ṣe é re. Ìyẹn ti tán.

Ti rẹ́kọ́ọ̀dù wá ńkọ́? Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré onídènà ọgọ́rùn-ún mítà ní Eugene ní Amẹ́ríkà lóṣù Keje ọdún 2022, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 parí ẹ̀, gbogbo rédíò ló ń pariwo pé ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Inú mi dùn débi tí mo fi fò sókè, síbẹ̀ mo ṣì ń bi ara mi pé kí ló fọ́? 12.20 tó wà ńlẹ̀ látọdún 2016 kò di wẹ́wẹ́, ó ṣì wà nínú ìwé. Amusan ta á yọ ni. Mo mọ̀ pé fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ti wọlé, mi ò ní lé e jáde, èdè tó wà láàyè máa ń gbàlejò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ta yọ náà ríbi jókòó.

Ó wá ku èyí tó ṣòro jù fún mi. Break the news. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á kọ breaking news, àwa ń pè é ní ìròyìn yàjóyàjó, bíi àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ó dáa, ó bá a mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ ikú ńkọ́? Ikú kọ́ là ń sọ ní yàjóyàjó.

Èkó ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Kò tíì sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Àbúrò bàbá mi ló gbéra láti ilé wá bá mi, òun àti ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àga fún wọn, wọ́n jókòó. Bàbá ní ṣé mo ti jẹun? Mo ní mo ti jẹun. Wọ́n ní iṣẹ́ ńkọ́? Mo ní a dúpẹ́. Wọ́n ní kí n bu omi wá, mo bù ú wá, wọ́n gbé ife náà dání, wọn ò mu ún. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi kọ́ orúnkún. Wọ́n wá ní, "Igi tá a fẹ̀yìn tì, ó ti dá." Wọn ò pe ikú. Ọkùnrin kejì ti dìde, ó ti wà lẹ́yìn mi kí ẹsẹ̀ mi tó yẹ̀. Ohun tó bá wọn wá fún nìyẹn.

Túfọ̀ là ń pe ohun tí bàbá yẹn ṣe. Ó tú ọ̀fọ̀. Bí ẹni tú ẹrù tó wúwo lórí ẹni, sùúrù ni, kókó kan lẹ́yìn ìkejì. Gẹ̀ẹ́sì ní ó break ìròyìn náà fún mi. Bàbá yẹn ò fọ́ nǹkan kan.

Ẹ ó rí bébà kan tó ń lọ yíká láti apá ọ̀tún. Ti agboolé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Mo ti kọ mẹ́rìnlélógún síbẹ̀ fúnra mi, ohun tó bàjẹ́ lápá òsì, ọ̀rọ̀ tá à ń lò fún un lápá ọ̀tún. Mo mọ̀ pé ará Èkìtì tó wà níbí á ní èyí tí ará Ọ̀yọ́ ò gbọ́ rí, ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ má fi tiyín pamọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ ńkọ́, kí ni wọ́n máa ń sọ tí irin bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iná? Àwọn aláṣọ òfì ńkọ́, tí òwú bá já lẹ́nu iṣẹ́, ṣé já náà ni wọ́n ń pè é? Ìyá tó wọ aṣọ àdìrẹ yẹn, mo rí i pé ẹ ti ń nawọ́. Ẹ gbé maikí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́.